Aboyún àti Ohun Ìtọ́jú Ara: Èwo Gan-an Ló Yẹ Ká Bẹ̀rù?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ń dá ọmọ sínú ìyá, tó sì ń mú un jáde ní wẹ́rẹ́.

Bí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ti lóyún, ìmọ̀ràn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò lé e lórí. Ẹnì kan á ní kó má fi ọṣẹ ìfọyín fọ ẹnu mọ́. Ẹlòmíràn á ní lọ́fínńdà a máa ba oyún jẹ́. Ẹnì kẹta á ní irun tí wọ́n fi ìpara ìgbálẹ̀ irun tò máa ń ran ọmọ inú. Ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifo, níbi tí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìṣaralóge ti tò lọ bẹẹrẹ létí títì, ìbẹ̀rù yìí ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbì kan, ó sì ti kéré jù níbòmíràn. Obìnrin kan náà tó ti pa ọṣẹ ìfọyín tì nítorí oyún lè máa fi ìpara tó ń bó ara para láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì ti kó kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tó ń bọ̀. Ohun tí kò léwu ni ó ń sá fún. Èyí tó léwu wà nínú yàrá rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin ará wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra ẹrù ọmọ fún àwọn opó àti àwọn aláìní tó wà nínú oyún.

Bí nǹkan ṣe ń ti ara ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ

Awọ ara jẹ́ odi tí Ọlọ́hun mọ yí wa ká. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá kan odi náà ló ń wọlé. Ọṣẹ tí a fi wẹ̀ tí a sì fi omi ṣàn kúrò kì í pẹ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Ìpara tí a fi pa gbogbo ara, tí a kò sì fọ̀ ọ́ kúrò títí ilẹ̀ fi mọ́, ní àyè púpọ̀ láti wọlé. Bí nǹkan bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ibi ọmọ ló kù tó lè dá a dúró, àwọn nǹkan kan sì wà tí ibi ọmọ kò lè dá dúró. Òjé àti mẹ́kúrì wà lára wọn.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí aboyún máa bi ara rẹ̀ nípa ohunkóhun tó bá fẹ́ lò: Kí ló wà nínú rẹ̀? Báwo ni mo ṣe ń lò ó pọ̀ tó? Ṣé mo ń fọ̀ ọ́ kúrò ni àbí ó ń sùn sára mi?

Àwọn tí kò yẹ kó dẹ́rù bà wá

Ọṣẹ ìwẹ̀ lásán, ọṣẹ dúdú tí wọn kò po nǹkan mọ́, òrí àti àdín kò ní ewu fún oyún. Ọṣẹ ìfọyín gan-an jẹ́ ohun tí aboyún nílò, nítorí pé èrìgì aboyún tètè máa ń wú, ó sì tètè máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Kó fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kó má ṣe gbé e mì. Bí òórùn lọ́fínńdà bá ń rùn ún nínú, kó gbé e tì fúngbà díẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di májèlé.

Ìpara ìgbálẹ̀ irun kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ara bí orí kò bá ní egbò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó ṣe é níbi tí atẹ́gùn wà, tàbí kó dirun títí yóò fi bímọ. Làálì tí a lọ̀ láti ara ewé kò ní ìjà pẹ̀lú aboyún. Èyí tó yẹ ká sá fún ni làálì dúdú tó ń mú kíákíá, nítorí pé wọ́n sábà máa ń po aró irun mọ́ ọn, ó sì lè mú kí ara lé ròrò.

Àkọ́kọ́: ìpara àti ọṣẹ tó ń bó ara

Oríṣi nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Èkíní ni mẹ́kúrì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé ní 2011 pé ọṣẹ tó ní mẹ́kúrì a máa ní tó ìwọ̀n 1 sí 3 èròjà mẹ́kúrì nínú 100, ìpara sì lè ní tó 10. Kíndìnrín ni mẹ́kúrì yìí kọ́kọ́ ń bá jà, ó sì ń kọjá lára ìyá sí ọmọ inú. Ní Amẹ́ríkà ní 2010, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera rí mẹ́kúrì lára àwọn ará ilé tí wọn kò tilẹ̀ fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ para rí, tó fi mọ́ ọmọdé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pa á, ó sì kan gbogbo ilé.

Èkejì ni hydroquinone. Ó ń wọ inú ara gan-an, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń sọ fún aboyún pé kó yàgò fún un.

Ẹ̀kẹta ni oògùn awọ tó lágbára, irú bíi clobetasol, tí dókítà ń kọ fún àìsàn ara fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn kan sọ di ìpara ojoojúmọ́. Ní Dakar, orílẹ̀-èdè Senegal, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí lórí aboyún 99, wọ́n sì gbé e jáde ní 2007. Àwọn 68 nínú wọn ló ń bó ara nínú oyún. Àwọn tó ń lo oògùn awọ tó lágbára yìí ni ibi ọmọ wọn kéré, tí ọmọ wọn tí kò wúwo tó sì pọ̀ ju ti àwọn tí kò lo nǹkan kan lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ìjọba. Nàìjíríà gba àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì wọlé ní 2018. Ní 2023, NAFDAC kéde pé ọ̀rọ̀ ìpara tó ń bó ara ti di pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn náà fẹnu kò pé lẹ́yìn 2025, a kò gbọdọ̀ ṣe ohun ìṣaralóge kankan tí wọ́n fi mẹ́kúrì sí mọ́, a kò sì gbọdọ̀ kó o wọ̀lú.

Ẹ ka ara ike kí ẹ tó rà á. Bí ẹ bá rí mercury, mercuric iodide, calomel, ammoniated mercury tàbí Hg, ẹ dá a padà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má kan wúrà tàbí fàdákà, àmì mẹ́kúrì nìyẹn náà. Èyí tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ pò sínú ike, tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó bá ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ kó má bẹ̀rù, kó má sì tijú. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà níbi tó ti ń gba ìtọ́jú oyún, kí wọ́n bá a wo bí yóò ṣe fi í sílẹ̀.

Èkejì: tìróò

Ohun tó kan àwa Mùsùlùmí gan-an ni èyí. Tìróò lílé wà nínú ohun tí Ànọ́bì wa fẹ́, ìthmid sì ni orúkọ èyí tó wà nínú hádíìsì. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú òkúta dúdú tó ń dán tí wọ́n ń lọ̀ tà lọ́jà lónìí jẹ́ òkúta òjé.

Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n wá orísun rẹ̀ títí, wọ́n sì rí i pé tìróò tí wọ́n mú wá láti ilé, tí wọ́n ń lé fún un, ni. Nínú ìwọ̀n 100 tìróò náà, 82.6 ló jẹ́ òjé. Ìfẹ́ ọmọ ló mú kí àwọn òbí rẹ̀ ṣe é.

Àwa ní Nàìjíríà mọ ohun tí òjé lè ṣe. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Òjé inú tìróò kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n òjé kankan tó dára fún ọpọlọ ọmọ. Inú egungun ìyá ló máa ń fara pamọ́ sí, ìgbà oyún sì ni egungun máa ń tú u sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá fi tìróò tí kò mọ orísun rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ inú rẹ̀ kò kọ sunna. Òjé ló kọ̀.

Ẹ̀kẹta: kánfọ̀ àti ohun tó ń ta ara tútù

Aboyún tó ń kó ẹrù ọmọ jọ díẹ̀díẹ̀ sábà máa ń ju kánfọ̀ sí i kí aáyán má bàa jẹ ẹ́. Naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ kánfọ̀ oníhóró. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kó má bàa fọ́. Láàárín àwọn ọkùnrin Yorùbá, ó tó ẹnì kan nínú márùn-ún tí èròjà yìí kò tó lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀. Bí ọmọ tuntun tó rí bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tó ti gba òórùn kánfọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ibà pọ́njú á sì gbé e dè. Ibà pọ́njú tó bá pọ̀ jù a máa wọ ọpọlọ. Ó lè sọ ọmọ di adití, tàbí ẹni tí kò ní lè rìn.

Báàmù àti àtíkè tó ní menthol náà wà níbẹ̀. Ní 1980, Dókítà Olowe àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó wá di Mínísítà fún Ètò Ìlera ní 1985, gbé ìwádìí jáde lórí ewu tí menthol jẹ́ fún irú àwọn ọmọ yìí. A kò gbọdọ̀ fi irú àtíkè bẹ́ẹ̀ sí ìwọ́ ọmọ, a kò sì gbọdọ̀ fi làálì kun ọmọ tuntun lára.

Bí ẹyinjú ọmọ tuntun bá pọ́n bí àwọ̀ òféèfé ọsàn, tàbí tó ń sùn ṣáá tí kò fẹ́ mu ọmú, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi oòrùn àárọ̀, omi gúlúkóòsì tàbí àgbo falẹ̀. Ará Mowe àti Ibafo lè gba ojú títì márosẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Olabisi Onabanjo ní Sagamu. Ará Ifo lè lọ sí Federal Medical Centre ní Idi-Aba, Abeokuta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìtọrẹ

Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú nígbà tó wà nínú oyún, ọmọ òrukàn ló wà nínú rẹ̀. Kò lágbára láti kọ ohun tí a bá kó fún un, kò sì sí ẹni tó máa bi í bóyá ó dára. Nítorí náà, àwa tí à ń rà á ló yẹ ká kà á lára ike. Nínú ẹrù tí ẹ bá fẹ́ kó fún un, ẹ fi ọṣẹ ìwẹ̀ lásán, òrí, ọṣẹ ìfọyín àti aṣọ ọmọ tí a ti fọ̀ tí a sì ti sá sóòrùn sí i. Ẹ yọ kánfọ̀, tìróò, báàmù àti ìpara tó ń fi awọ pípọ́n ṣèlérí kúrò. Aṣọ ọmọ tí ẹ fẹ́ fi tọrẹ, tó ti wà nínú àpótí tipẹ́ pẹ̀lú kánfọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a títí òórùn náà yóò fi lọ pátápátá kí ẹ tó kó o jáde.

Kí Ọlọ́hun sọ àwọn aboyún wa kalẹ̀ láyọ̀, kó sì gba ìtọrẹ wa. Àmín.