Ṣé o mọ̀? Ohun tó ń mú kí ìjàǹbá ọkọ̀ le

Bí ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá sá a dé 100, agbára tó máa fi kọlu nǹkan kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ìdí nìyí tí ìjàǹbá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn fi máa ń le ju ti àárín ìlú lọ.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Nils Bohlin, ẹnjiníà ará Sweden, ló ṣe èyí tó gba àyà àti ìbàdí kọjá fún Volvo ní 1959. Ó lè dín ewu ikú ẹni tó jókòó níwájú kù tó ìdajì.

Èrò ẹ̀yìn tí kò de tirẹ̀ lè fò lu ẹni iwájú, kó sì pa á. Gbogbo èrò, ẹ de bẹ́líìtì yín kí ọkọ̀ tó gbéra.