Ta Ni Yóò San Ogún Ọdún Náà Padà?

Àwọn baba wa a máa wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa, ẹ̀yin òǹkàwé wa: ta ni yóò san ogún ọdún náà padà fún ẹni tí a parọ́ mọ́?

Nínú àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, nǹkan bí ẹni 2 nínú 3 ni ilé-ẹjọ́ kò tí ì dá lẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Ti ẹlòmíràn a di ọdún púpọ̀. A lè gbé adájọ́ lọ sí ibòmíràn, kí ẹjọ́ náà sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá fi rí i pé ọkùnrin náà kò jẹ̀bi, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kúrò ní ilé-ìwé.

Nítorí èyí ni ẹ̀rù fi ń ba olóòótọ́. Ẹni tí ó bá rí ẹni tí ọkọ̀ gbá lójú títì a máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé e, kí wọ́n má baà ní òun ni ó ṣe é. Àwọn ilé ìwòsàn ń kọ ẹni tí ìbọn bà bí kò bá mú ìwé ọlọ́pàá wá, débi pé ìjọba ní láti fi òfin dè wọ́n ní 2017. Ìbẹ̀rù ẹ̀sùn ti ń pa àánú láàárín wa.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin kò ṣàì sí. Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, ní abala 36, sọ pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí a ó fi fi ìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Bí ẹ̀sùn náà kì í bá ṣe èyí tí ó la ikú lọ, abala 35 ní kí a mú un dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ 1, bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Bí ó bá wà ní àtìmọ́lé fún oṣù 2 láìrí ìgbẹ́jọ́, kí a tú u sílẹ̀, pẹ̀lú béèlì tàbí láìsí béèlì. Ẹni tí a sì tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtanràn, kí a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní òfin wọ̀nyí bí ẹ ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí láti ẹnu àwa ará àdúgbò ni ẹ̀sùn èké ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti ìjọba ni láti pèsè adájọ́ àti ilé-ẹjọ́ tí ó tó. Òmìnira tí a gbà ní 1960 kò tí ì pé bí aláìṣẹ̀ bá ń bẹ̀rù ẹnu-ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá.