Ayé kọ́ ló wà nídìí orúnkún tó ń dùn yín!

Bí ẹni tó jókòó ti igbá bá fẹ́ dìde, tó ní “yéè!”, tó di orúnkún mú, àwọn kan á ní ayé ló fi nǹkan ṣe é, àwọn yòókù á ní ogbó ni.

Ẹ gbọ́ ohun táwọn oníwàádìí rí ní Framingham, l'Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó èèyàn 5,209 jọ níbẹ̀ torí àrùn ọkàn, wọ́n sì wọn bí kálukú ṣe wúwo tó. Láàárín 1983 sí 1985, wọ́n ya fọ́tò orúnkún àwọn tó kù. Háà! Àwọn tó ti sanra jù láti nǹkan bí ọdún 36 sẹ́yìn, pàápàá àwọn obìnrin, ni orúnkún wọn bà jẹ́ jù.

Kerekere ló bo orí egungun níbi tí méjì ti pàdé; ẹ máa ń rí i lára egungun ẹran. Bó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀, egungun á máa ha egungun. Wàhálà ibẹ̀ ni pé X-ray kì í rí kerekere fúnra rẹ̀, àfi tí àárín egungun bá ti fún. Ẹ̀rọ MRI ń tètè rí i, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó àkàrà.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn rèé. Lọ́dún 1992, wọ́n ṣàlàyé pé àwọn obìnrin Framingham tó fi nǹkan bí kílò 5 fọn láàárín ọdún 10, ewu àrùn orúnkún yìí fi ju ìdajì lọ dín kù fún wọn. Kílò 5 péré o! Ìdá kan nínú mẹ́wàá àpò sìmẹ́ǹtì ni. Ìwádìí mìíràn lọ́dún 2005 ní kílò kan téèyàn bá fọn, ẹrù kílò 4 ló kúrò lórí orúnkún nígbàkigbà tó bá gbẹ́sẹ̀. A mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá fọn, wọ́n á ní ọkọ ò tọ́jú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lẹ táìlì, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ní Framingham yìí kan náà, àwọn ọkùnrin tíṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìkúnlẹ̀, ìlóṣòó àti ẹrù gbígbé, ewu tiwọn tó ìlọ́po méjì. Ẹ máa dìde nàró lóòrèkóòrè, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orúnkún.

Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá wú, tó gbóná, kó má ra oògùn inú mọ́tò o. Ọsibítù ni kó gbà lọ.