Ọpọlọ, Àlá àti Ẹni Tó Ń Tẹ́tí: Ọjọ́ Kan ní Rumuibekwe

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé kò tíì lù nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Aba Road, àmọ́ oòrùn Port Harcourt ti ń ta ni lára. Àwọn kẹ̀kẹ́ Máwá tò sí etí títì, àwọn awakọ̀ wọn ń ké "Rumuibekwe! Estate!" tí etí fi ń hó. Lẹ́bàá gọ́tà, ìyá kan ti dáná èédú, ó ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí àwọ̀n irin, ẹja wà lápá kan, òróró tó ń ro sínú ẹyín iná sì ń rú èéfín tó kún fún ata sójú gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Bọ̀ọ̀lì àti ẹja nìyẹn. Ará ìlú yìí kì í fi ṣeré.

Kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ gbé wa kọjá níwájú àwọn ilé alájà, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti ń dán gbohùngbohùn wò, àti ẹ̀rọ omi kan tí àwọn ọmọdé tò sí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Gbọ̀ngàn kékeré kan tí wọ́n háyà ni mò ń lọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà fún àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wo ènìyàn sàn: nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ọpọlọ, dókítà, sàíkọ́lọ́jísìtì, olùdámọ̀ràn ilé ìwé, àti pásítọ̀ méjì tí wọ́n gbé Bíbélì lé orúnkún. Wọ́n fẹ́ wo ohun tí ìmọ̀ òde òní nípa ọpọlọ ní í sọ fún ọ̀nà ìwòsàn tí Sigmund Freud dá sílẹ̀, èyí tí aláìsàn fi ń sọ ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn, tí olùwòsàn sì ń tẹ́tí.

Ìlà ti gùn lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó jókòó nídìí rẹ́jísítà ń béèrè orúkọ, ibi iṣẹ́ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ. Dókítà tó bá fẹ́ sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà níwájú mi, olùdámọ̀ràn nílé ìwé girama kan, kò ní nọ́ńbà kankan tó máa kọ. Kò sẹ́ni tó ní kó wá, àpò ara rẹ̀ ló sì ti yọ owó. Ó sọ fún mi pé àwọn ọmọ ń wá bá òun pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ju agbára òun lọ.

Nínú gbọ̀ngàn, àga ike funfun ló kún ibẹ̀, fáànù méjì sì ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná láti ìhín sí ọ̀hún. Mo fi ìka kan ojú fèrèsé. Ó dúdú. Láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú yìí ti ń bọ́ sórí Port Harcourt, èyí tí ará ìlú ń pè ní "soot", tí wọ́n sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì láìgbàṣẹ nínú igbó etí odò. Kò pẹ́ tí a jókòó tí iná lọ. Ẹnì kan sáré jáde, jẹnẹrétọ̀ bú, òórùn bẹntiróòlù sì gba ojú fèrèsé wọlé bá wa.

Ẹni tó ń kọ́ wa, sàíkọ́lọ́jísìtì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Ọpọlọ tí wọ́n fi ike ṣe ló mú jáde láti inú àpò ọ̀rá, ó sì ní ká máa gbé e lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó ṣeé tú palẹ̀. Tí èèyàn bá ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á rí apá kékeré kan tó tẹ̀ kọdọrọ, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn, àti òmíràn tó kéré jù ú lọ níwájú rẹ̀. Hippocampus ni wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́, ìyẹn ibi tí ìrántí tuntun ti ń fìdí múlẹ̀. Amygdala ni èkejì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìbẹ̀rù, tó sì lè ta ara jí sí ewu kí ẹni náà tó mọ ohun tó bà á lẹ́rù. Nọ́ọ̀sì kan fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Olùkọ́ náà ní ojúlówó kì í le báyìí, pé ńṣe ló rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò kan àbọ̀ dín díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 86.

Ó wá mú ìtàn Henry Molaison wá. Ní 1953, wárápá kò jẹ́ kí ọkùnrin ará Amẹ́ríkà yìí gbádùn, ni dókítà bá gé èyí tó pọ̀ nínú hippocampus rẹ̀ kúrò, lọ́tùn-ún àti lósì. Wárápá dín kù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí tó fi kú ní 2008, ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀, tó jáde, tó tún padà wọlé, àjèjì ni lójú rẹ̀. Sàíkọ́lọ́jísìtì kan, Brenda Milner, fún un níṣẹ́ kan: kó máa fi pẹ́ńsù tọ ìlà àwòrán ìràwọ̀, kó jẹ́ inú dígí nìkan ni yóò ti máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Henry ń sọ pé òun kò ṣe irú ẹ̀ rí, ojoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ sì ń já fáfá sí i.

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ohun tí ara mọ̀ tí ẹni náà kò mọ̀ pé òun mọ̀, orí irú ẹ̀ ni Freud lo ayé rẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà tètè kìlọ̀ pé ká má pa méjèèjì pọ̀: ohun tí Henry kò lè rántí yàtọ̀ sí ohun tí èèyàn ń tì sẹ́yìn nítorí pé ó ń dùn ún. Ó tún sọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀, pé dókítà iṣan àti ọpọlọ ni Freud fúnra rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ní 1891 ó kọ ìwé lórí àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ dàrú mọ́ lẹ́nu nítorí ìpalára ọpọlọ. Ní 1895 ó dá a lé láti fi sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣàlàyé gbogbo ìrònú ẹ̀dá, ó sì pa á tì, torí ìmọ̀ ìgbà náà kò tíì tó o. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde, ní 1950.

Onímọ̀ ọpọlọ kan, Mark Solms, wà lára àwọn tó padà sídìí iṣẹ́ náà. Namibia ni wọ́n bí i sí, Cape Town ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já bọ́ láti orí òrùlé, ó fi orí ṣèṣe, ìwà rẹ̀ sì yí padà. Solms dàgbà tán, ó ń bi àwọn tí ọpọlọ wọn ṣèṣe léèrè nípa àlá wọn. Ó rí i pé bí apá kan níwájú ọpọlọ, ní ìsàlẹ̀, bá bàjẹ́, àlá lè dáwọ́ dúró pátápátá, bẹ́ẹ̀ oorun tí ẹyinjú ti ń yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú ṣì ń lọ déédéé. Apá tó jẹ mọ́ ìfẹ́-ọkàn àti wíwá nǹkan kiri ni ibẹ̀, ìfẹ́-ọkàn ni Freud sì ti sọ pé ó ń bí àlá. Oníṣègùn ọpọlọ Allan Hobson ti Harvard kò gbà fún àwọn ọmọlẹ́yìn Freud rárá, iyàn náà kò sì tíì tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ọ̀kan nínú àwọn pásítọ̀ fi nawọ́. Ó ní àwọn ọmọ ìjọ òun kì í mú ìbànújẹ́ wá, àlá ni wọ́n ń mú wá. Wọ́n jẹun lójú àlá, wọ́n jí, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní wọ́n ti fún àwọn ní nǹkan jẹ. Kí ni kí òun sọ? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé, "Pásítọ̀, ta ló gbé oúnjẹ náà fún ẹni yẹn?" Pásítọ̀ ní òun kò bi í rí; ìtúmọ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó jókòó. Olùkọ́ ní kó máa béèrè kó tó gbàdúrà: ta ló sè é, ilé ta ni, ǹjẹ́ ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lójú ayé? Pásítọ̀ kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́yìn Bíbélì rẹ̀.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi èdè wa pe fóònù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kí i.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, mà. Ẹ̀gbá ni yín ni?"

"Abẹ́òkúta ni, ọmọ mi. Àrò ni mo ti kọ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ. Wọ́n ń pe èyí ní tuntun níbí, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí aláìsàn, kẹ́ ẹ béèrè ilé rẹ̀. Ṣé ohun tí Lambo ṣe kọ́ nìyẹn?"

Òótọ́ ló sọ. Ní 1954, oníṣègùn ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé yí ká ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, kí ìbátan kan tẹ̀ lé aláìsàn wá, kí aláìsàn náà máa gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kó sì padà sáàárín ènìyàn. Ó ń pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ sínú iṣẹ́ náà. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti káàkiri Áfíríkà pé jọ sí Abẹ́òkúta láti gbọ́ irú nǹkan wọ̀nyí. Mo wo obìnrin náà bó ti ń tú egungun ẹja rẹ̀, mo sì rò ó pé ó yẹ kí wọ́n ti pè é síwájú láti àárọ̀.

Lọ́sàn-án, wọ́n ní ká jókòó ní méjì-méjì, ká dojú kọra. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹnì kejì kò gbọdọ̀ la ẹnu. Kò ní gbani nímọ̀ràn, kò ní sọ pé "pẹ̀lẹ́". Ooru ti pọ̀, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò dáwọ́ dúró, síbẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ ẹnu ló nira jù fún wa. Dókítà kan dá ọ̀rọ̀ ẹnì kejì rẹ̀ dúró kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Wọ́n ní kó tún un bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a ń jíròrò iṣẹ́ ẹni, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re kan mẹ́nu ba obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ ilé rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àìsàn ni, àbí soot ni? Àwọn kan ní àìsàn. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá nu ilẹ̀ ní Port Harcourt ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì Àrò béèrè bóyá obìnrin náà ní ọmọ tó ń wúkọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni olùdámọ̀ràn ilé ìwé yẹn tó béèrè tiẹ̀. Bí ọmọ kan bá sọ fún òun pé òun fẹ́ kú, ta ni òun máa sọ fún? Òun ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Kì í ṣe ìbẹ̀rù asán. Òfin ìwà ọ̀daràn, abala 327, ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè sọni sẹ́wọ̀n ọdún kan. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023, rọ́pò òfin ìgbà àtijọ́ lórí àwọn tí wọ́n ń pè ní wèrè, àmọ́ kò pa abala 327 rẹ́.

Olùkọ́ náà ní kó má fi ọmọ náà sílẹ̀ lóun nìkan, kó bi í ní tààrà bóyá ó ti ro bó ṣe máa ṣe é, kó pe òbí tàbí alágbàtọ́, kí wọ́n sì jọ mú un lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ ní Rumuigbo. Wọ́n ti ń pe orúkọ fún sátífíkéètì. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní ó ku ọ̀kan: bó bá jẹ́ òru ńkọ́, tó jẹ́ orí fóònù ni ọmọ náà ti pe òun? Olùkọ́ fa àga kan, ó jókòó tì í, nọ́ọ̀sì Àrò náà fa tirẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ àwọn tó lè pè lóru sínú jọ́tà, láti orí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà títí dé orí alábòójútó ilé ìwé tó ní mọ́tò.