Retraite Kì Í Ṣe Ọjọ́ Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará wa, èdè Faransé ní ọ̀rọ̀ kan tó lè da ilé rú. Bí a bá kó ara wa jọ fún ọjọ́ mẹ́ta láti gbàdúrà, retraite ni wọ́n ń pè é. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì, retraite náà ni.

Bàbá kan sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ sí retraite. Ìyá di aṣọ méjì àti Rosárì sínú àpò fún un, ó ní: “Ẹ rántí wa nínú àdúrà o. Ṣé ọjọ́ Àìkú lẹ ó dé?” Bàbá ní: “N kò lọ síbì kan. Ilé ni mo ń bọ̀, mo sì dé pátápátá.” Ìyá wá ibi jókòó.

Kò pé oṣù kan tí bàbá ti ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, tó ń ka ata. Ìyá ní: “Bàbá ọmọ mi, ibi iṣẹ́ lẹ ti fẹ̀yìn tì. Ta ló fi yín jẹ ọ̀gá ilé ìdáná?”

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún náà, lọ́jọ́ kan mo wá awò ojú mi títí níwájú àwọn ọmọ katikísìmù. Iwájú orí mi ló wà. Bí mo bá kúnlẹ̀ ní Mísà, orúnkún mi á dún ṣáájú agogo. Ara ń ránṣẹ́ sí wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Ní Bẹ̀nẹ̀ wa, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ní láti pé 60 ọdún, kí wọ́n sì ti san owó rẹ̀ sí CNSS fún oṣù 180, ìyẹn ọdún 15, kó tó lè máa gba owó ìfẹ̀yìntì ní kíkún. Ẹ béèrè nísinsìnyí bóyá ọ̀gá yín ń san án. Ẹ yẹ ìwé ìbí yín wò pẹ̀lú. Né vers ni wọ́n kọ fún ọ̀pọ̀ wa, orúkọ sì lè yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì. Ọjọ́ tí a fẹ́ gbowó kọ́ ló yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọjọ́ orí wa.

Àgbẹ̀ àti ọlọ́jà kò ní ọ̀gá tí yóò san án fún wọn. Àjọ tí wọ́n ń dá àti igi kajú tí wọ́n gbìn ni tiwọn.

Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń san owó ilé àti owó ilé-ìwé ní Kútọnu. Ẹ má jẹ́ kí ọmú náà gbẹ.

Ẹ sì bá ìyá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bàbá wa yẹn ti dá oko kékeré sẹ́yìn ilé báyìí. Ata tirẹ̀ ló ń kà.