Ta ló ń díyelé ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkirè àti Àpòmù, ta ló sì yẹ kó sanwó?

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ó ṣòro kí ènìyàn rí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tó tẹ́jú ní Ìkirè tàbí Àpòmù tí kò ní í bá àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń lé bọ́ọ̀lù kiri níbẹ̀. Àwọn kan wọ bàtà, àwọn kan kò wọ̀. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù sì ni ti Ìṣọ̀kan, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ la sì máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Orí irú pápá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí yóò wá, yóò wòran fún bí ogún ìṣẹ́jú, yóò pe ọmọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì sọ fún un pé òun mọ àwọn ènìyàn ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n kí bàbá rẹ̀ wá nǹkan sílẹ̀ fún fọ́ọ̀mù àti físà. Ilẹ̀ ìdílé, oko kòkó, owó àjọ ìyá ọmọ: irú ibi bẹ́ẹ̀ ni owó náà ti sábà máa ń jáde.

Ohun tí a fẹ́ là yé ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí ni bí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe ń díyelé ọ̀dọ́, àti bí owó ṣe ń rìn nígbà tí wọ́n bá ń rà á tàbí tí wọ́n bá ń tà á. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí owó náà ń gbà kò ní í pẹ́ rí ibi tí irọ́ wà. Ní ọjà yòówù tí a bá ná, ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ló ń tú àpò. Kàràkátà agbábọ́ọ̀lù kò yàtọ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní dráfùtì. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá wọn á to orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi eré náà ṣiṣẹ́ jẹun sílẹ̀, wọn á sì máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa lọ́dún tó kọjá ni wọ́n sábà máa ń fún láàyè láti kọ́kọ́ yàn, kí gbogbo agbára má baà wà lójú kan. Hakeem Ọlájúwọn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó, ni Houston Rockets fi ṣe àkọ́mú nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984. Portland mú Sam Bowie ṣe ìkejì. Michael Jordan ló wá ṣe ìkẹta! Houston kò kábàámọ̀, nítorí Ọlájúwọn gba ife ẹ̀yẹ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Portland ni wọ́n ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé. Ọjà gbangba ni. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ rí ọmọ náà, tó sì lówó lọ́wọ́, ló ń mú un. Ìdí nìyẹn tí ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ìdí náà sì nìyẹn tí àwọn gbájú-ẹ̀ fi ráyè wọ àárín.

Yorùbá ní ọmọ tó máa jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni, àmọ́ ṣámúṣámú tí àwọn èrò ìworan ń pàtẹ́wọ́ fún kọ́ ni aṣàyẹ̀wò tó mọṣẹ́ ń wò. Tí ọmọ kan bá gé ẹni mẹ́ta kọjá, gbogbo pápá á hó. Aṣàyẹ̀wò ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mìíràn. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ ọmọ yìí, ṣé ó ti yíjú wo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Nígbà tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, ṣé ó rọ̀ mọ́ ọn ni àbí ó ta dànù? Kí ló ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀? Nínú 90 ìṣẹ́jú, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń lò lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìyókù jẹ́ ìrìn, eré sísá àti ọgbọ́n orí. Tó bá sọ bọ́ọ̀lù nù, ṣé ó sáré padà láti gbà á ni, àbí ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń bá rẹfirí jà? Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ńkọ́? Irú àyẹ̀wò báyìí kò ṣeé parí láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ náwó máa ń rán ju ẹnì kan lọ, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n á sì fẹ́ wo ọmọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n ń nà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ànàdọ́bálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹgbẹ́ ń rà lára ọ̀dọ́ kì í ṣe ohun tó lè ṣe lónìí nìkan, ohun tó ṣì lè dà lọ́la ni. Ọmọ ogún ọdún tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 16 yóò lágbára ju àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a lọ, ṣùgbọ́n ọ̀la tí wọ́n ń torí rẹ̀ sanwó ti dín kù lára rẹ̀. Lọ́dún 1989, FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ nítorí ọjọ́ orí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tí kò bára mu. Lọ́dún 2009, nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé nílẹ̀ wa níbí, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ náà. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń gba òbí níyànjú pé kí wọ́n lọ búra ọjọ́ orí tuntun fún ọmọ wọn nílé ẹjọ́. Irú olùdámọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ń ba ọjà tó sọ pé òun fẹ́ bá wọn tà jẹ́ ni.

Ojú àwọn aṣàyẹ̀wò pàápàá máa ń tàn wọ́n. Victor Osimhen dàgbà ní àdúgbò Olúsósùn l'Ékòó. Ó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá sáwọ̀n nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní Chile lọ́dún 2015, Wolfsburg ti Jámánì sì mú un lọ́dún 2017. Kò gbá ẹyọ kan ṣoṣo wọlé fún wọn nínú líìgì. Lọ́dún 2018, ó lọ dán ara rẹ̀ wò ní Zulte Waregem àti Club Brugge ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn méjèèjì ní àwọn kò fẹ́ ẹ. Charleroi ló gbà á, wọ́n yá a lò, ibẹ̀ ni iná rẹ̀ ti ràn. Ó dé Lille, ó dé Napoli, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà lọ́dún 2023. Lọ́dún 2025, Galatasaray ti Tọ́kì rà á ní 75 mílíọ̀nù yúrò. Àwọn ará Ìkirè kò ní í kọ háà sí èyí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè tí àwọn arìnrìn-àjò ń dúró rà lójú ọ̀nà.

Ti Taiwo Awóníyì, ọmọ Ìlọrin, tún fi apá mìíràn hàn. Ó wà lára àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ fún Nàìjíríà lọ́dún 2013. Liverpool rà á lọ́dún 2015, ní nǹkan bí 400,000 pọ́n-ùn, àmọ́ kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà ní Gẹ̀ẹ́sì, torí náà wọ́n ń yá a fún ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn ní Jámánì, Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù, ìgbà méje ní ọdún mẹ́fà. Kò gbá ìdíje kankan fún Liverpool rí. Lọ́dún 2021 ni wọ́n tà á fún Union Berlin ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ pọ́n-ùn. Ní ọdún kan péré lẹ́yìn ìyẹn, Nottingham Forest san nǹkan bí mílíọ̀nù 17. Ẹsẹ̀ kan náà ni, orí kan náà ni. Ohun tó yí padà ni pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù déédéé níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i. Òbí tó bá rò pé tí ọmọ òun bá ti fọwọ́ síwèé, wàhálà ti parí, kí ó ro ti ọdún mẹ́fà yẹn wò.

Ní ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òfin FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ mú un láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Àwọn àyàfi díẹ̀ wà, bíi kí òbí rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú náà fún ìdí tí kò kan bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kan ọmọ ọdún 15 tí alágbàtà fẹ́ nìkan mú láti Àpòmù lọ sí Yúróòpù. Ọdún 2001 ni FIFA fi òfin náà lélẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà lọ sí Yúróòpù, tí wọ́n sì já àwọn tí kò rọ́wọ́ mú jù sílẹ̀ lójú títì láìní ìwé, láìní owó ọkọ̀. Àpòmù ní ìdí tirẹ̀ láti fetí sí èyí. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọjà Àpòmù lókìkí, Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ń pàdé níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń jí àwọn tó wá nájà gbé, tí wọ́n ń tà wọ́n lẹ́rú. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó dá Ogun Òwu sílẹ̀. Èmi kò ní kàràkátà bọ́ọ̀lù dọ́gba pẹ̀lú òwò ẹrú o. Ṣùgbọ́n ọjà tó bá jẹ́ pé ènìyàn ni a ń díyelé níbẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní orúkọ àti àdírẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí owó tí ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá wa kò mọ̀ pé ó tọ́ sí wọn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn tí ìwé àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ dàgbà láti ọdún 12 sí 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15 ní ìdá 0.25, ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 sí 23 ní ìdá 0.5. Ká ní ọmọ kan wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ní Àpòmù láti ọdún 12 títí tó fi parí ọdún 17 rẹ̀. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ìdá kan, ọdún méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá kan. Bí wọ́n bá wá tà á ní mílíọ̀nù kan yúrò ní Yúróòpù lẹ́yìn náà, 20,000 yúrò ló tọ́ sí ẹgbẹ́ Àpòmù yẹn. Bí wọ́n bá tún un tà, wọn á tún gbà. Ó tún ní owó ìtọ́nisọ́nà tó yàtọ̀ sí èyí, tí ẹgbẹ́ tuntun ń san nígbà tí ọmọ náà bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iṣẹ́. Fún àwọn ẹgbẹ́ tó ga jù ní Yúróòpù, ìṣirò rẹ̀ lè tó 90,000 yúrò lórí ọdún kan.

Àmọ́ ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù kò lè gba kọ́bọ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé ìsanwó kan tí FIFA dá sílẹ̀ ní Paris ni owó wọ̀nyí ń gbà kọjá, àkọsílẹ̀ ibi tí ọmọ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ọdún tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ kò ní olówó.

Kí òbí tún fi èyí sọ́kàn: láti ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò FIFA kó tó gbàwé àṣẹ, orúkọ àwọn tó ní in sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Inú owó àdéhùn ni owó iṣẹ́ aṣojú ti ń jáde, kò sí nínú fọ́ọ̀mù tí a ń rà ṣáájú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àdúgbò tó ń gba owó díẹ̀ fún bọ́ọ̀lù àti aṣọ kì í ṣe gbájú-ẹ̀ o. Ẹni tó ń gba owó físà fún ìgbẹ́jọ́ tí kò sí ni ká sá fún. Tó bá mú lẹ́tà ìpè wá, ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀ ní tẹlifóònù, wọ́n sì ní í-meèlì. Kí òbí fúnra rẹ̀ kàn sí wọn, kó má ṣe lo nọ́ńbà tí alágbàtà náà fún un.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ní ọmọ ọdún 13 mẹ́wàá lọ́dọ̀ ní Ìkirè tàbí Àpòmù lónìí, ọ̀nà Òṣogbo ni kó kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ọ̀nà Èkó. Kó lọ bá àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kó béèrè bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lè wà lábẹ́ wọn. Kó mú ìwé ìbí àwọn ọmọ náà dání, kó sì kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.