Ilẹ̀ tí Ń Gbọ̀n: Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí

Bí ènìyàn bá dúró lẹ́bàá ilé tí a gbé ẹ̀rọ ìlọta sí ní ọjọ́ ọjà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò mọ̀ pé nǹkan kan ń mi ilẹ̀. Ṣíbí yóò máa ró nínú àwo, omi yóò sì máa jó nínú ife. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kọjá lọ láìbi ara wọn léèrè pé: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀rọ náà àti ilẹ̀ tí ó gbé e dúró? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Ọmọ Yorùbá kan wà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí i, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ òkèèrè sì fi mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni náà ni Ayọ̀délé Awójọbí.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1937 ni a bí i ní Oṣòdì, ní Èkó. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, ọ̀gá ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni iṣẹ́ rẹ̀; ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní CMS Grammar School ní Èkó, orúkọ àdàpè tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí ó ṣòro. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí ó wà ní Zaria, níbi tí ó ti gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọdún 1962, ní ipò kìn-ín-ní. Ìjọba àpapọ̀ rán an lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1966.

Kí iyì iṣẹ́ tí ó ṣe tó lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun kan nípa ìgbọ̀n. Gbogbo ohun tí ó lè mì ni ó ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí ó fi ń mì. Ẹ wo ọmọdé tí ó jókòó sórí jangirọ́fà tí a so mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò. Bí ẹni tí ń tì í bá ń tì í ní àkókò tí ó yẹ gan-an, ọwọ́ kan ṣoṣo tó láti gbé e dé òkè réré. Bí ó bá ń tì í ní àkókò tí kò yẹ, àgbàlagbà méjì yóò làágùn lásán. Ọgbọ́n ju agbára lọ. Nígbà tí ìwọ̀n ohun tí ń tì bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìwọ̀n ohun tí a ń tì, ìmì náà a máa pọ̀ sí i. A lè pe èyí ní ìbágbọ̀n.

Ìbágbọ̀n kì í ṣe eré. Ní ọdún 1831, àwọn ọmọ ogun kan ń yan lọ lórí afárá Broughton, nítòsí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìró ẹsẹ̀ wọn bá ìmì afárá náà mu, afárá sì já. Lẹ́yìn ìgbà náà ni a fi àṣẹ lélẹ̀ pé kí àwọn ọmọ ogun máa tú ìyan wọn ká bí wọ́n bá dé orí afárá.

Ẹ̀rọ tí ń yí lórí ilẹ̀ dà bí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí, ilẹ̀ sì dà bí afárá, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Bí a bá sọ òkúta sínú ọpọ́n omi, ìgbì rẹ̀ yóò lu ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n, yóò sì padà wá. Bí a bá sọ ọ́ sínú ọ̀sà, ìgbì náà yóò lọ, kò sì ní padà mọ́. Ilẹ̀ kò ní ẹ̀gbẹ́ bí ọpọ́n. Ó ń ta ẹ̀rọ padà sókè bí tìmùtìmù, ṣùgbọ́n ó tún ń gbé díẹ̀ nínú agbára ẹ̀rọ náà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ẹni tí yóò fi ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ lélẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iye tí ilẹ̀ ń ta padà àti iye tí ó ń gbé lọ. Ìṣirò rẹ̀ le púpọ̀. Ní ọdún 1965, Awójọbí àti olùkọ́ kan ní Imperial College, P. Grootenhuis, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀ràn yìí nínú ìwé ìròyìn Royal Society.

Ó tún kù síbìkan. Ilẹ̀ gidi kì í rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá ṣe ń wà á jìn tó ni ó sábà máa ń le sí i tó. Ní ọdún 1967, R. E. Gibson fi ìṣirò hàn nípa irú ilẹ̀ kan tí líle rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo ní ojú ilẹ̀, tí ó sì ń pọ̀ bí jíjìn ti ń pọ̀, tí a kò sì lè fún un kí ó kéré sí i. Ohun ìyanu ni ó bá pàdé: ibi tí a bá gbé ẹrù lé nìkan ni ó ń rì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò rì rárá. Tìmùtìmù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí a bá jókòó lé e, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú a máa tẹ̀ wọlé. Awójọbí bá Gibson ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí irú ilẹ̀ yìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí kò kan ará ilé: ní Èkó tí omi yí ká, tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ń kọ́lé gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ yóò ti rì tó.

Ní ọdún 1974, Imperial College fún un ní oyè D.Sc. nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. A kì í fi ìdánwò gba oyè yìí. Ìwọ̀n àwọn iṣẹ́ ìwádìí tí ènìyàn ti tẹ̀ jáde ni a ń wò. Kò pẹ́ rárá tí Yunifásítì Èkó, níbi tí ó ti ń kọ́ni, fi sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Síbẹ̀, ìwé nìkan kọ́ ni ó gbá mú. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára irin. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Awójọbí fúnra rẹ̀ ṣí sítíárìn ọkọ̀ Opel tirẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Ó tún mú jíìpù kan, irú ti àwọn ọmọ ogun, ó ṣe sítíárìn kejì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì tí ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ní jíà púpọ̀ fún iwájú, ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ̀yìn. Èyí lè sáré padà sẹ́yìn bí ó ti ń sáré lọ síwájú. Ó pè é ní Autonov 1. Ẹni tí ó bá há sí ọ̀nà tóóró níwájú ọ̀tá ni yóò mọ ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò fún.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984 ni ó kú, ní ẹni ọdún 47. Ère rẹ̀ wà ní oríta Oníkẹ̀ẹ́ ní Yábàá, níbi tí a ti ṣí i ní ọdún 2009. Ère dára, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ohun tí ó kù fún àwọn olùkọ́ ni kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé irú ìmọ̀ báyìí ga ju èdè ìyá wọn lọ. Jangirọ́fà, ọpọ́n omi àti tìmùtìmù ń bẹ ní àdúgbò gbogbo. Ọmọ tí ó bá fi wọ́n mọ ìbágbọ̀n ní èdè Yorùbá kò ní sá fún ìṣirò rẹ̀ nígbà tí ó bá dé yunifásítì.